Àwọn obìnrin tó ṣe gudugudu méje nínú ìtàn: ìbéèrè àti ìdáhùn

Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan àwọn obìnrin tí iṣẹ́ wọn mi ayé tìtì, àwọn ìbéèrè kan náà ló máa ń yọjú. Mo kó àwọn tó wọ́pọ̀ jù jọ síbí. Àwọn kan ò gbà ju gbólóhùn mélòó kan lọ. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé tí a ò bá tú wọn dé ìdí, ṣe la kàn máa fi irọ́ tuntun rọ́pò irọ́ àtijọ́.

Kí ló dé tí orúkọ obìnrin fi ṣọ̀wọ́n nínú ìwé ìtàn? Àbí wọn ò ṣe nǹkan kan ni?

Wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tó di gègé mú ló ń yan ẹni tí yóò kọ sílẹ̀, ọwọ́ ọkùnrin sì ni gègé wà fún ìgbà pípẹ́. Ẹ wo ilé ẹ̀kọ́. Ní Yunifásítì Cambridge, ó ti pẹ́ tí àwọn obìnrin ti ń jókòó sí kíláàsì, tí wọ́n ń yege ìdánwò, àmọ́ ọdún 1948 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láti fún wọn ní oyè ní kíkún bíi ti ọkùnrin. Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Lọ́ńdọ̀nù, ti wà láti 1660. 1945 ni obìnrin àkọ́kọ́ wọ inú rẹ̀. Ti Paris tún le ju ìyẹn lọ: ó di 1979 kí ẹgbẹ́ tiwọn tó gba obìnrin kan wọlé gẹ́gẹ́ bí ojúlówó ọmọ ẹgbẹ́.

Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló fi orúkọ wọn pamọ́. Sophie Germain, tí wọ́n bí ní Paris ní 1776, fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tí kì í gba obìnrin. Ó wá ọgbọ́n dá sí i: ó ń gba ìwé ohun tí olùkọ́ kọ́ wọn, ó ń dáhùn ìbéèrè rẹ̀, ó sì ń fi orúkọ ọkùnrin kan, Monsieur Le Blanc, ránṣẹ́ padà. Ó fi orúkọ yẹn kọ lẹ́tà sí Gauss, àgbà onímọ̀ ìṣirò ní Jámánì, ìyẹn sì gbóríyìn fún "ọ̀gbẹ́ni" náà gan-an. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Napoleon ya wọ ìlú Gauss, àyà Sophie já, ó bẹ ọ̀gágun kan tó mọ̀ pé kó bá òun wò ó bóyá ọkùnrin náà wà láàyè. Gauss ní òun ò mọ obìnrin kankan tó ń jẹ́ Sophie Germain. Báyìí ni àṣírí ṣe tú. Ní 1816, ó gba ẹ̀bùn ńlá ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti Paris, lórúkọ ara rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Ta ni òǹkọ̀wé àkọ́kọ́ tí a mọ orúkọ rẹ̀ láyé?

Obìnrin ni. Enheduanna lorúkọ rẹ̀, ọmọ Sargon ọba Akkad, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ìráàkì lónìí. Òun ni olórí abọrẹ̀ òrìṣà òṣùpá ní ìlú Ur ní nǹkan bí 2300 ọdún kí a tó bí Jésù, ó sì dárúkọ ara rẹ̀ nínú orin ìyìn tó kọ sí òrìṣà Inanna. Ní 1927, àwọn awalẹ̀pìtàn rí òkúta roboto kan ní Ur tí wọ́n gbẹ́ àwòrán rẹ̀ sí, tí orúkọ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan ṣì ń jiyàn bóyá òun ló kọ gbogbo orin tí wọ́n kà sí i lọ́rùn, nítorí ẹ̀dà tí àwọn akọ̀wé dà kọ ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀ ló dé ọwọ́ wa. Pé ó gbé ayé, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn nínú.

Ṣé lóòótọ́ ni obìnrin ti jẹ Fáráò rí?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ju ẹyọ kan lọ. Hatshepsut ló gbajúmọ̀ jù láàárín àwọn tó fúnra wọn dé adé bí ọba. Ní nǹkan bí 1479 kí a tó bí Jésù, ọkọ rẹ̀ wàjà, Thutmose Kẹta, ọmọ orogún rẹ̀ tó yẹ kó jọba, sì kéré jọjọ. Hatshepsut kọ́kọ́ di adelé. Nígbà tó yá, ó gbé adé kárí, ó sì lò tó nǹkan bí ogún ọdún nídìí àṣẹ. Ó rán ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Punt, wọ́n kó igi òjíá bọ̀ láàyè, tòun ti gbòǹgbò nínú apẹ̀rẹ̀. Tẹ́ńpìlì tó kọ́ sí ìdí àpáta ní Deir el-Bahari wà níbẹ̀ títí dòní.

Nínú àwọn ère rẹ̀, wọ́n fi irùngbọ̀n sí i lágbọ̀n bíi ti àwọn Fáráò yòókù. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n ha orúkọ àti ojú rẹ̀ kúrò lára ògiri. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ pé inú ló bí Thutmose sí i. Èmi ò gbà á tán. Nǹkan bí ogún ọdún kọjá lẹ́yìn ikú obìnrin náà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Ìbínú wo ló ń dúró tó bẹ́ẹ̀? Ó jọ iṣẹ́ ẹni tó fẹ́ tún ìlà ìdílé ṣe kí ọmọ tirẹ̀ lè gorí ìtẹ́ láìsí ẹni tó máa ta kò ó.

Wọn ò sì rí i pa rẹ́ tán. Champollion, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó kọ́kọ́ túmọ̀ àkọsílẹ̀ Íjíbítì àtijọ́, dé tẹ́ńpìlì náà, ó rí ọba onírùngbọ̀n lójú ògiri, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń tọ́ka sí abo. Ọ̀rọ̀ náà dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Gírámà ló jẹ́ kí àwọn tó tẹ̀ lé e mọ ẹni tó jẹ́. (Ká ní èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́ ni, "ó" lásán là bá rí, à bá sì máa pè é ní bàbá títí dòní.)

Ṣé Ada Lovelace ló kọ ètò kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́?

Òun ló kọ èyí tí ọ̀pọ̀ kà sí àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde, ní 1843. Charles Babbage ya àwòrán ẹ̀rọ ìṣirò ńlá kan tí kò rí kọ́ parí títí tó fi kú. Ará Ítálì kan kọ nípa ẹ̀rọ náà lédè Faransé. Ada túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi àlàyé tirẹ̀ kún un, àlàyé náà sì gùn ju ohun tó túmọ̀ lọ dáadáa. Inú ibẹ̀ ló ti to ìgbésẹ̀ tí ẹ̀rọ náà yóò gbà ṣe ìṣirò kan lẹ́sẹẹsẹ. "A.A.L." lásán ló fi parí rẹ̀.

Àwọn kan ní Babbage ti kọ irú ètò bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ara rẹ̀ ṣáájú, wọn ò sì parọ́. Ohun tó jẹ́ ti Ada ni pé ó rí i pé ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ lórí nọ́ńbà lè ṣiṣẹ́ lórí nǹkan mìíràn, bí ohùn orin, tí a bá ti lè fi àmì dúró fún un. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ ti ju ti ẹni tó ni ẹ̀rọ lọ. Ọmọ ọdún 36 ni nígbà tí jẹjẹrẹ pa á.

Florence Nightingale ńkọ́? Ṣé nọ́ọ̀sì tó ń gbé fìtílà kiri nìkan ni?

Fìtílà yẹn ti bo ìdajì ìtàn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òótọ́ ni pé ó kó nọ́ọ̀sì 38 lọ sí ilé ìwòsàn àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì ní Scutari, ní Tọ́kì, ní 1854, lásìkò ogun Crimea. Ṣùgbọ́n ohun tó ń pa àwọn ọmọ ogun níbẹ̀ kì í ṣe ọgbẹ́ ìbọn tó bẹ́ẹ̀. Onígbáméjì, ìgbẹ́ ọ̀rìn àti ibà ni. Ní oṣù kejì 1855, nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n bá gbé wọlé, ó ju 40 lọ tó ń kú. Nígbà tí ìgbìmọ̀ kan dé láti Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹta, tí wọ́n kó ẹ̀gbin gọ́tà tó wà lábẹ́ ilé náà, tí wọ́n sì jẹ́ kí atẹ́gùn máa wọlé, ikú já wálẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan.

Ẹ̀kọ́ tí Nightingale gbé délé nìyẹn. Ó kó iye òkú oṣù kọ̀ọ̀kan jọ, ó sì mọ̀ pé àwọn mínísítà ò ní ka ìlà nọ́ńbà gbọọrọ. Ó wá ya àwòrán kan, róbótó bíi kéèkì tí wọ́n gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: gígé kan fún oṣù kan, àwọ̀ kan fún àwọn tí àrùn pa, òmíràn fún àwọn tí ọgbẹ́ pa. Ẹni tí kò mọ ìṣirò rárá á rí i pé àwọ̀ àrùn gba gbogbo ojú ìwé. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò-oníye ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà wọlé. Ní 1860 ni ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn St Thomas ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ṣé òun nìkan ló wà ní ogun yẹn?

Rárá o. Mary Seacole wà níbẹ̀, ọmọ Jàmáíkà, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ oníṣègùn ìbílẹ̀. Ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní àwọn ò fẹ́. Ó fi owó ara rẹ̀ wọkọ̀ lọ, ó ṣí ilé oúnjẹ àti ìtọ́jú sí ẹ̀bá Balaclava, ó sì ń gun ẹṣin wọ ojú ogun lọ tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́. Ogun parí, gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó kọ ìtàn ayé ara rẹ̀ jáde ní 1857, ó kú ní 1881, ayé sì gbàgbé rẹ̀ fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ère rẹ̀ wà níwájú St Thomas báyìí, láti 2016. Àwọn kan fẹ́ràn láti máa fi àwọn obìnrin méjèèjì ta kora. Mi ò rí ìdí rẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé Marie Curie gba ẹ̀bùn Nobel lẹ́ẹ̀mejì?

Òótọ́ ni: físíìsì ní 1903, kẹ́mísìrì ní 1911. Títí dòní, kò sí ẹlòmíràn tó gbà á nínú ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ní 1903, orúkọ Pierre ọkọ rẹ̀ àti ti Becquerel, onímọ̀ físíìsì mìíràn, nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ fi síbẹ̀. Ẹnì kan láti Sweden ta Pierre lólobó, Pierre sì kọ̀wé pé àwọn jọ ṣe iṣẹ́ náà ni. Ìwé tí Marie fi ń ṣe àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń tú ìtànṣán jáde títí di báyìí. Inú àpótí òjé ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí.

Àwọn wo ni wọ́n ṣiṣẹ́, tí ẹlòmíràn gba ìyìn rẹ̀?

Wọ́n pọ̀ débi pé ìmọ̀ ìtàn sáyẹ́ǹsì ti fún un lórúkọ, ipa Matilda, láti 1993. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká da gbogbo wọn sínú agbọ̀n kan, nítorí ọ̀rọ̀ wọn ò rí bákan náà.

Ti Lise Meitner ló dùn mí jù. Òun àti Otto Hahn jọ ṣiṣẹ́ ní Berlin fún ọgbọ̀n ọdún. Júù ni, ó sá fún ìjọba Hitler ní 1938, ó forí lé Sweden. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, Hahn kọ lẹ́tà sí i: ó ti da ègé átọ̀mù tí wọ́n ń pè ní neutron lu uranium, ohun tó sì rí nínú rẹ̀ kò yé e. Meitner àti Otto Frisch, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ń rìn nínú yìnyín nígbà tí wọ́n jókòó sórí ìtì igi, wọ́n mú bébà jáde, wọ́n ṣírò ó: àárín gbùngbùn átọ̀mù náà ló pín sí méjì. Ẹ̀bùn Nobel kẹ́mísìrì ti 1944 lọ sọ́dọ̀ Hahn nìkan. Lónìí, èròjà 109 ń jẹ́ meitnerium.

Ti Rosalind Franklin díjú ju bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ lọ. Ní 1952, òun àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Raymond Gosling, ya àwòrán X-ray DNA, èròjà tó ń gbé àbùdá òbí dé ara ọmọ, tó mọ́ kedere jù lọ nígbà náà. Wọ́n fi han James Watson láì sọ fún Franklin, àwòrán yẹn sì wà lára ohun tó ran Watson àti Crick ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ láti mọ bí DNA ṣe rí ní 1953. Franklin kú ní 1958, ọmọ ọdún 37. Nígbà tí wọ́n pín Nobel iṣẹ́ náà ní 1962, kò sí láyé, wọn kì í sì í fún òkú. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé wọ́n gba Nobel lọ́wọ́ rẹ̀ ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ohun tí wọ́n lò láì tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹjọ́ ibẹ̀.

Jocelyn Bell Burnell ni tirẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ni ní Cambridge ní 1967 nígbà tó rí àmì kékeré kan lórí bébà gígùn tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ jáde. Ìràwọ̀ tó ń ṣẹ́jú wìrìwìrì ni, pulsar. Ọ̀gá rẹ̀ ló gba Nobel ní 1974, òun ò sì bínú. Ní 2018 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn mílíọ̀nù 3 dọ́là. Ó kó gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ọ̀fẹ́ àwọn ọmọ tí wọn kì í sábà rí àyè nínú ìmọ̀ físíìsì.

Mo kà á pé òṣèré sinimá kan, Hedy Lamarr, ló ṣe Wi-Fi. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Wọ́n ti fi iyọ̀ sí i jù. Ní 1942, òun àti olórin kan, George Antheil, gba ìwé àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà fún ọgbọ́n kan: kí rédíò tó ń darí tọ́pídò máa fò láti orí ìgbì kan bọ́ sórí òmíràn kí ọ̀tá má baà dí i lọ́wọ́. Àwọn ológun ojú omi ò lò ó lásìkò ogun náà. Bluetooth ń lo fífò bẹ́ẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n àwọn ẹlòmíràn náà ti ronú nípa rẹ̀, kí tirẹ̀ tó jáde àti lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó ṣe tó ìyìn láì fi Wi-Fi kún un.

Ṣé torí pé ó rẹ Rosa Parks ni kò ṣe dìde fún aláwọ̀ funfun nínú bọ́ọ̀sì?

Òun fúnra rẹ̀ sọ pé kì í ṣe àárẹ̀ ara. Láti 1943 ló ti ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ NAACP ní Montgomery, ìlú kan ní gúúsù Amẹ́ríkà. Ó mọ ohun tó ń ṣe ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá 1955. Oṣù mẹ́sàn-án ṣáájú, ọmọdébìnrin ọlọ́dún 15 kan, Claudette Colvin, ti kọ̀ láti dìde ní ìlú kan náà, wọ́n sì gbé e. Lóru ọjọ́ tí wọ́n mú Parks, olùkọ́ kan, Jo Ann Robinson, kò sùn. Ó ń tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé pélébé tó ń sọ fún àwọn aláwọ̀ dúdú pé kí wọ́n má wọ bọ́ọ̀sì. Ọjọ́ 381 ni wọ́n fi fẹsẹ̀ rìn. Ẹjọ́ tó sì fòpin sí ọ̀rọ̀ náà ní ilé ẹjọ́ gíga jù lọ, orúkọ Colvin wà lára àwọn tó pè é. Ti Parks kò sí níbẹ̀.

Ilẹ̀ Áfíríkà ńkọ́?

A ò lè kà wọ́n tán. Nzinga ti Ndongo, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Àǹgólà lónìí, lọ bá gómìnà Pọtogí sọ̀rọ̀ ní Luanda ní 1622. Wọn ò gbé àga fún un, ẹní ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Ó pàṣẹ fún ẹmẹ̀wà rẹ̀ kan kó tẹríba, ó jókòó lé e lẹ́yìn, ó sì bá gómìnà sọ̀rọ̀ lójúkojú. Ó bá àwọn Pọtogí fà á fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó kú ní 1663.

Ní 1929, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà dìde nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ìjọba amúnisìn fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ náà bẹ́ ní Oloko, nígbà tí oníkànìyàn kan ní kí opó kan, Nwanyeruwa, ka ewúrẹ́, àgùntàn àti ènìyàn tó ní. Àwọn ọlọ́pàá àti sójà pa ju àádọ́ta obìnrin lọ. Ìjọba pa èrò owó orí obìnrin tì, wọ́n sì ní láti tún ètò àwọn olóyè tí wọ́n fi tipátipá jẹ lé ìlú lórí ṣe.

Nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, owó orí kan náà ló gbé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta jáde. Ohun tó wú mi lórí ni pé ìyàwó olùkọ́ tó kàwé ní òkè òkun àti àwọn ìyá ọlọ́jà tí kò mọ̀wé wọ aṣọ kan náà, wọ́n ń sọ èdè kan náà, wọ́n sì jọ jókòó ti ààfin. Ní oṣù kìíní 1949, Aláké gbé ìtẹ́ sílẹ̀.

Wangari Maathai ní Kẹ́ńyà fi igi gbíngbìn bẹ̀rẹ̀ ní 1977: ó ń kó àwọn obìnrin ìgbèríko jọ láti gbin èèhù igi, wọ́n sì ń rí owó díẹ̀ lórí èyí tó bá yè. Nígbà tí ìjọba fẹ́ kọ́ ilé alájà ọgọ́ta sínú ọgbà Uhuru ní Nairobi ní 1989, ó pariwo títí èrò náà fi wọmi. Wọ́n fún un ní Nobel àlàáfíà ní 2004.

Ibo ni obìnrin ti kọ́kọ́ dìbò?

Ní ti orílẹ̀-èdè tó ń ṣàkóso ara rẹ̀, New Zealand ló ṣáájú, ní 1893. Finland tẹ̀ lé e ní Yúróòpù ní 1906. Faransé di 1944, Switzerland di 1971. Ní àríwá Nàìjíríà, ó di àwọn ọdún 1970 kí àwọn obìnrin tó rí àyè dìbò.

Ta ló rí oògùn ibà tí à ń lò báyìí?

Tu Youyou, ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà, òun àti àwọn tó ń darí. Lásìkò ogun Vietnam, ibà ń pa àwọn ọmọ ogun nípakúpa, ìjọba Ṣáínà sì ní kí wọ́n wá oògùn rẹ̀. Tu kó sínú ìwé ìṣègùn àtijọ́. Ewé kan wà tó máa ń ṣiṣẹ́ lónìí tí kò ní ṣiṣẹ́ lọ́la, kò mọ ohun tó fà á. Ó wá ka ìwé oníṣègùn kan láti nǹkan bí 1,600 ọdún sẹ́yìn, Ge Hong: ẹ rẹ ẹ̀kúnwọ́ ewé náà sómi, ẹ fún un, ẹ mu ún. Wọn ò sè é! Iná ló ń ba agbára ewé náà jẹ́. Tu lo èròjà tó ń hó láì gbóná púpọ̀ láti fi yọ ọ́, ó sì bọ́ sí i. Ní 1972, òun àti àwọn méjì kọ́kọ́ mu ún wò kí wọ́n tó fún aláìsàn. Artemisinin nìyẹn. Ó di 2015 kí Nobel tó kàn án. Ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ lórí rẹ̀ kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Orúkọ ẹgbẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀.

Ṣé àwọn mìíràn wà tí a mọ iṣẹ́ wọn dáadáa, tí a ò mọ orúkọ wọn?

Murasaki Shikibu, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Japan tí ìtàn rẹ̀ ti pé ẹgbẹ̀rún ọdún, tí wọ́n ṣì ń kà. "Murasaki" jẹ́ orúkọ ẹ̀dá ìtàn kan nínú ìwé rẹ̀. "Shikibu" jẹ́ ipò tí bàbá rẹ̀ dì mú ní ààfin. Nínú ìwé ìrántí rẹ̀, ó sọ pé nígbà tí òun wà ní kékeré, bàbá òun ń kọ́ arákùnrin òun ní èdè Ṣáínà, òun ń fetí gbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òun sì yára mọ̀ ọ́n ju ọmọkùnrin náà lọ. Bàbá ń kédùn ṣáá pé kò wáyé ní ọkùnrin. Orúkọ arákùnrin náà wà lákọsílẹ̀: Nobunori.